Ẹ̀kọ́ nẹ́tíwọọ̀kì: kí ni ti Packet Tracer, kí ni ti ọwọ́?

Ohun tí ọmọ máa ṣì lógún ìgbà kó tó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kó ṣì í lórí Packet Tracer, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé nẹ́tíwọọ̀kì: pípín àdírẹ́sì IP, VLAN (pípín switch kan sí nẹ́tíwọọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), fífi dátà ránṣẹ́ gba inú rawúta. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Cisco Networking Academy ni. Ẹ fún wọn ní switch 2960 kan (àpótí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀), rawúta kan àti kọ̀ǹpútà mẹ́rin, méjì sí VLAN 10, méjì sí VLAN 20. Tí wọ́n bá tò ó tán, ẹ̀yin fúnra yín ẹ bà á jẹ́. Ẹ yí default gateway kọ̀ǹpútà kan padà (àdírẹ́sì rawúta tó ń gbà jáde), ẹ tẹ shutdown, àṣẹ tó ń pa pọ́ọ̀tù, sórí pọ́ọ̀tù kan, kí ẹ wá ní kí wọ́n wá a jáde.

Ibi tí Packet Tracer ti ń tan ọmọ jẹ ni CLI, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún switch. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Lórí switch gidi, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tẹ̀: kébù console ni (èyí tó ń so laptop mọ́ switch láti tò ó), ohun tó máa so ó mọ́ USB, driver rẹ̀, nọ́ńbà COM (ti pọ́ọ̀tù tí kébù náà wà) tí ẹ máa wò nínú Device Manager, kí ẹ tó ṣí PuTTY, ètò tí ẹ fi ń bá switch sọ̀rọ̀, sí ìyára 9600. Bí lẹ́tà rádaràda bá jáde, ìyára 9600 yẹn ni kò bá ti switch mu. Bí ohunkóhun kò bá jáde, ẹ yẹ COM wò. Switch tòkunbọ̀ kan láti Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà tó kíláàsì kan. Ẹ gbé laptop àti kébù console dání, ẹ má sì sanwó àfi tí ẹ bá rí i tó tan dé ìparí.

Kébù ni ti ọwọ́ pátápátá. Fún ọmọ mẹ́wàá, ẹ ra kébù nẹ́tíwọọ̀kì Cat5e mítà 30, orí RJ45 (èyí tó ń wà lẹ́nu kébù) 60, crimper (ohun tí a fi ń pa orí mọ́ kébù) 3, tester (ohun tó ń yẹ kébù wò) 2. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi abẹ fá ara wáyà kan: bí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, á sì máa ṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ètò àwọ̀ wáyà tí wọ́n ń pè ní T568B rèé, láti òsì, kí ahọ́n orí náà wà nísàlẹ̀: ọsàn onífunfun, ọsàn, ewé onífunfun, búlúù, búlúù onífunfun, ewé, bíráùn onífunfun, bíráùn. Ẹ gé wọn dọ́gba kó ku nǹkan bíi mìlímítà 13, kí èèpo kébù lè wọ inú orí. Bí èèpo bá wà níta, wáyà ló ń gbé gbogbo ẹrù, á yọ lọ́jọ́ kan.

Àṣìṣe tó burú jù ni èyí tí tester kékeré yìí kò rí. Ọmọ á to ewé onífunfun, ewé, búlúù onífunfun, búlúù tẹ̀ léra, torí ó dára lójú. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí orí méjèèjì, tester á tan láti 1 dé 8. Ṣùgbọ́n wáyà méjì tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló yẹ kó wà lórí eyín 3 àti 6. Báyìí, wáyà tí wọn kò lọ́ pọ̀ ló wà níbẹ̀, àmì kan sì ń da ariwo sínú èkejì. Kébù mítà 2 lè fara dà á. Ti mítà 40 ní ọ́fíìsì kan ní Màrínà, nẹ́tíwọọ̀kì á máa falẹ̀, á máa já. Nítorí náà, ojú ni kí wọ́n fi ka àwọ̀ kí wọ́n tó fún crimper pa.

Tí iná bá lọ láàárín kíláàsì, ẹ má tíì sáré sí jẹnẹrétọ̀, ẹ̀kọ́ ni ìyẹn náà. Tí iná bá dé, ọmọ tí kò tẹ copy running-config startup-config, àṣẹ tó ń fi ìtò switch pamọ́, á rí i pé VLAN òun ṣì wà, torí inú fáìlì vlan.dat ló ń gbé, àmọ́ gbogbo pọ́ọ̀tù tó pín ti padà sí VLAN 1.