Bí mo ṣe gbé paladin tí kò tètè kú kalẹ̀, láti ìpele 1 dé ìpele 8

Ìwé òfin ọdún 2014 ti eré Dungeons & Dragons, ẹ̀dà karùn-ún, ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024 ti yí Divine Smite (ìyà àfikún tí paladin ń fi kún ìkọlù rẹ̀) àti Lay on Hands (ìwòsàn ọwọ́ rẹ̀) padà, nítorí náà kí ẹni tó ń lo tuntun tún ìṣirò ibẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Paladin ni jagunjagun tó búra, tó ń wọ irin, tó sì ń fi agbára ìbúra rẹ̀ wo ọgbẹ́. Ohun tí mo ń wá kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí yóò ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí àwọn yòókù bá ti sùn sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó sí ìdí eré yìí rí: ẹnì kan, DM, ló ń darí ìtàn àti àwọn ọ̀tá, àwa yòókù sì ní akíkanjú kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. d20, dáìsì olójú ogún, ló ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. AC ni iye tí dáìsì ọ̀tá gbọ́dọ̀ dé kó tó lè bà yín. HP ni iye ìyà tí ara lè gbà kí ẹ tó ṣubú. Save sì ni dáìsì tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń jù láti bọ́ lọ́wọ́ ọfọ̀, májèlé tàbí iná.

Ọ̀pọ̀ máa ń ra irin tó wúwo jù lọ, wọ́n á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Kò tíì parí. Ọfọ̀ tó ń jẹ́ Hold Person kì í wo AC rárá, Wisdom yín, òye àti ìfura, ló ń dán wò. Bí save yín bá kùnà, ẹ ó dúró gbagidi bí ère, gbogbo ìkọlù tó bá sì bà yín láti inú ẹsẹ̀ bàtà 5 á di critical, ìyẹn ni pé dáìsì ìyà á di ìlọ́po méjì. Irú paladin bẹ́ẹ̀ máa ń kú nínú irin olówó ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi pín owó àti póìntì mi sí mẹ́ta, AC, HP àti save, tí mi ò jẹ́ kí ọ̀kan gba gbogbo rẹ̀.

Póìntì 27 ni òfin fún wa láti fi ra agbára mẹ́fà. Nọ́ńbà 8 kò gba nǹkan kan, 10 ń gba 2, 14 ń gba 7, 15 ń gba 9. Bí mo ṣe ná an nìyí: Strength, agbára apá, 15, Constitution, líle ara, 14, Charisma, àṣẹ ẹnu àti ìwà, 14, Dexterity 10, Wisdom 10, Intelligence 8. Ẹ rò ó pọ̀: 9, 7, 7, 2, 2 àti òdo, 27 géérégé. Ẹ má ṣe sọ Wisdom di 8 torí àtirí póìntì méjì fi kún ibòmíràn. Póìntì méjì yẹn ló máa ń mú kí wọ́n fi ọfọ̀ gba idà lọ́wọ́ yín kọjú sí ọ̀rẹ́ yín.

Àràrá orí òkè ni mo yàn fún ẹ̀yà. Ó ń fi 2 kún Strength, ó tún ń fi 2 kún Constitution, nítorí náà Strength di 17, Constitution di 16. Tí wọ́n bá fún un ní májèlé, ó máa ń ju dáìsì méjì kó mú èyí tó ga, ìdajì ìyà májèlé náà nìkan ló sì ń jẹ. Ẹ̀yà yìí tún ní ẹ̀tọ́ láti wọ ìhámọ́ra fífúyẹ́ àti ti àárín, èyí tí kò wúlò fún paladin nítorí ó ti ní gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé ìyẹn ṣòfò. Half-orc náà dára púpọ̀: lẹ́ẹ̀kan láàárín ìsinmi gígùn méjì, bí HP rẹ̀ bá fẹ́ di òdo, ó lè dúró sí 1. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn, HP tó pọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìjà. Àléébù àràrá ni pé ẹsẹ̀ bàtà 25 ló ń rìn níbi tí àwọn mìíràn ti ń rin 30. A óò tún un ṣe níwájú.

Ìpele 1. HP jẹ́ 10 àti 3 ti Constitution, 13 (agbára tó jẹ́ 10 kò fi nǹkan kan kún, 2 kọ̀ọ̀kan lórí rẹ̀ ń fi 1 kún, nítorí náà 16 ń fún wa ní 3). Láti ibẹ̀ lọ, ìpele kọ̀ọ̀kan ń fún wa ní 6 àti 3, ìyẹn 9, bí ẹ bá mú iye tí ìwé kọ sílẹ̀ dípò kí ẹ ju d10. Èmi máa ń mú iye tí ìwé kọ. Ẹni tó ń wá kí ara le kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ orí rere: bí ẹ bá ju 1 tàbí 2 lẹ́ẹ̀mejì, ihò yẹn á wà níbẹ̀ títí eré á fi parí. Lọ́nà yìí, ìpele 5 á ní HP 49, ìpele 8 á ní 76.

Nínú ẹrù ìbẹ̀rẹ̀, chain mail, ẹ̀wù tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin hun, wà fún gbogbo paladin, AC rẹ̀ sì jẹ́ 16. Mo mú ohun ìjà kan àti asà dípò ohun ìjà méjì. Asà ń fi 2 kún un, ó di 18. Ẹ mú ọ̀kọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní javelin pẹ̀lú rẹ̀. Strength ni wọ́n fi ń jù ú, ó sì ń dé ẹsẹ̀ bàtà 30 láìsí wàhálà. Láìsí i, ọ̀tá tó bá fò tàbí tó gun orí igi á kàn máa fi yín ṣẹ̀sín ni. Nínú ìmọ̀ méjì tí ẹ máa yàn, ẹ jẹ́ kí Athletics jẹ́ ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

Ìpele 2 ni àṣà ìjà. Defense ni mo mú, ó ń fi 1 kún AC níwọ̀n ìgbà tí ìhámọ́ra bá wà lára: 19. Protection tó ń fi asà gbèjà ọ̀rẹ́ wu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń jẹ reaction yín, ìdáhùn kan ṣoṣo tí ẹ ní, ní gbogbo ìpàṣíparọ̀, ọ̀rẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 5. Defense kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, kì í sì í gbàgbé.

Kí ẹ lè rí ohun tí AC ń ṣe gan-an, ẹ mú orc kan, tí ń fi 5 kún d20 rẹ̀. Nínú ìgbà 20 tó bá gbé àáké sókè, á ba AC 18 ní ìgbà 8, á ba 19 ní ìgbà 7. Nígbà tí mo rí owó wúrà 1,500 ra plate, irin tó bo gbogbo ara, AC di 21, orc yẹn sì ń bà mí ní ìgbà 5 péré. Bí mo bá tún fi ọfọ̀ Shield of Faith lé e, 23, ìgbà 3. Láti 8 sí 3. Kí owó plate tó pé, splint wà fún 200, òun fi 1 dín sí plate.

Ibi tí ìṣirò yìí ti ń dà rú ni ilẹ̀. Bí wọ́n bá tì yín ṣubú, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á máa ju d20 méjì kó mú èyí tó ga. Ìgbà 5 nínú 20 yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 9. Athletics lẹ fi ń kọ̀ kí wọ́n má tì yín. Ibòmíràn ni òru. Plate ń gba ìṣẹ́jú 10 láti wọ̀. Bí wọ́n bá ká yín mọ́ orí ibùsùn láìsí i, AC yín jẹ́ 10, Defense pàápàá ò ṣiṣẹ́ nítorí kò sí ìhámọ́ra lára. Asà nìkan ni ẹ lè gbé kíákíá, action kan, ìyẹn ìṣe kan nígbà tó bá kàn yín, ló ń gbà: 12. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí yín kí ẹ tó sùn.

Ìpele 3, ìbúra. Oath of the Ancients ni mo yàn, kì í ṣe nítorí ìtàn igbó àti ewé tó wà lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ dùn. Nítorí ìpele 7 ni: láti ìgbà yẹn, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín tó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 10 ń jẹ ìdajì ìyà tí ọfọ̀ bá mú wá. Fireball, dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ, ìyà rẹ̀ máa ń tó 28. Bí save yín bá yege, 14. Ìbúra yìí á sọ ọ́ di 7. Kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀ jẹ ṣá: èémí iná drágónì kì í ṣe ọfọ̀. Drágónì pupa tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ń tú iná tó máa ń tó 56, ìbúra yìí ò sì ní yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. HP 76 ló máa gbà yín níbẹ̀.

Ìpele 4, mo mú Heavy Armor Master, feat kan, ìyẹn ẹ̀bùn àkànṣe. Ó fi 1 kún Strength, 17 di 18, èyí tó gbé ìkọlù wa àti ìyà tí à ń fi jẹ ọ̀tá ga. Ó tún ń yọ 3 kúrò nínú ìyà gbogbo ohun ìjà tí kò ní idán, níwọ̀n ìgbà tí irin tó wúwo bá wà lára. Ìdà goblin kan máa ń ṣe 5. Ó di 2. Ibi tí feat yìí ti ń dùn ni ìgbà tí ọ̀tá kéékèèké mẹ́jọ bá yí yín ká, nítorí ó ń yọ 3 lára ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọ̀tá bá ṣe ń dàgbà, tí ohun ìjà onídán ń pọ̀ sí i, ni iyì rẹ̀ ń dínkù. Ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 9 kó má wulẹ̀ mú un.

Ìpele 5 mú ìkọlù méjì wá, ó sì mú Misty Step wá láti inú ìbúra wa, láìjẹ́ pé a kà á mọ́ ọfọ̀ tí a yàn. Bonus action kan, ìṣe kékeré tó ń bá action rìn, a ti pòórá lọ sí ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ibi tí ojú wa bá tó. Àtúnṣe ẹsẹ̀ kúkúrú àràrá nìyẹn. Ẹnu nìkan ló nílò, nítorí náà ó ṣiṣẹ́ kódà bí ọwọ́ méjèèjì bá dí.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti DM. Idà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, asà wà lọ́wọ́ òsì. Mo kun àmì mímọ́ sí ojú asà, èyí tí òfin gbà pé ó lè dípò ohun èlò tí ọfọ̀ ń béèrè. Ọfọ̀ tó bá ní ohun èlò, bíi Shield of Faith, Bless àti Aid, ọwọ́ asà yẹn ló máa ṣe é. Cure Wounds kò ní ohun èlò, ó ń fẹ́ ọwọ́ òfìfo, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ti idà bọ àkọ̀ ná. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò wo ọgbẹ́ pẹ̀lú Cure Wounds lójú ìjà. Lay on Hands wà: HP 5 fún ìpele kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, 40 ní ìpele 8. Ẹ má dà á sórí ẹnì kan tán. Ẹyọ 1 péré ń gbé ẹni tó ṣubú dìde, 5 sì ń wẹ májèlé kúrò lára.

Bless, Shield of Faith, Compelled Duel: ìfọkànsí ni gbogbo wọn ń béèrè, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì lè dì mú lẹ́ẹ̀kan. Aid kò béèrè rẹ̀: á fi HP 5 kún ènìyàn mẹ́ta fún wákàtí 8, láàárọ̀ ni mo ti ń pè é. Ní ti Divine Smite, ẹ̀yìn tí idà bá ti bà ọ̀tá lẹ̀ ń pinnu rẹ̀, nítorí náà mo ń pa slot, àyè tí a fi ń pe ọfọ̀ tàbí smite, mọ́ de ìgbà tí d20 bá fi 20 hàn. Dáìsì olójú mẹ́jọ méjì á di mẹ́rin. Paladin tó ná gbogbo slot rẹ̀ sórí smite kò ní rí nǹkan kan fi pe Shield of Faith nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Ìpele 6 ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí Aura of Protection. Charisma yín á máa wọnú gbogbo save, tiyín àti ti ẹni tó dúró nínú ẹsẹ̀ bàtà 10. Ní ìpele 3, save Wisdom mi, iye tí mo ń fi kún d20, jẹ́ 2. Bí ọ̀tá bá béèrè 13 fún Hold Person, ìgbà 10 nínú 20 ni mo ń yè é. Ní ìpele 6 ó di 5, 2 láti ara Charisma àti 1 láti ara ìpele, ìgbà 13. Ní ìpele 8 mo gbé Charisma láti 14 lọ sí 16, ó di 6, ìgbà 14. Ìfọkànsí náà ń jàǹfààní: nígbà tí wọ́n bá nà yín díẹ̀, 10 ni dáìsì gbọ́dọ̀ dé, tàbí ìdajì ìyà náà bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú 6, 3 ti Constitution àti 3 ti Charisma, ìgbà 17 nínú 20 ni Shield of Faith á dúró. Àwọn tó gbé Strength lọ sí 20 ní ìpele yìí yóò na ọ̀tá jù mí lọ, mi ò jiyàn.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù tí nọ́ńbà kò lè yanjú. DM tó gbọ́n kò ní máa lu AC 23. Àwọn ọ̀tá á kàn yí yín kọjá lọ bá ẹni tó ń pe ọfọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, tàbí orí afárá, tàbí ẹnu ihò, níbi tí kò sí àyè láti yí. Níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, mo máa ń jọ̀wọ́ Shield of Faith, mo á sì pe Compelled Duel lé ẹni tó tóbi jù nínú wọn, kó lè jẹ́ èmi ló ń lù. AC mi á padà sí 21.