Bí Mo Ṣe Gba ₦20,100 Mi Lọ́wọ́ Ilé Iṣẹ́ Kajú

₦20,100 ni wọ́n jẹ mí nínú owó iṣẹ́ oṣù kan ṣoṣo. Nígbà tí mo lọ bá akáǹtì pé owó mi ò pé, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Ìyá Kẹ́hìndé, ṣé torí ìyẹn lẹ ṣe fajú ro báyìí?" Ọmọ tí mo lè bí ni o. Ogún ẹgbẹ̀rún náírà tó ń fi rẹ́rìn-ín yẹn, owó ilé-ìwé wà nínú ẹ̀, owó gáàsì wà nínú ẹ̀, ti èlùbọ́ ò tíì wọ̀ ọ́. Bó bá ní "ẹ má bínú, a máa yẹ̀ ẹ́ wò", bóyá ǹ bá ti lọ jókòó. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹ sì mọ̀ pé ìlú wa ò kẹ̀rẹ̀ nídìí kajú. Àwa obìnrin la pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan á se kajú, àwọn kan á fọ́ èèpo líle rẹ̀ (àwọn yẹn ń gbìyànjú, epo inú èèpo yẹn a máa jó ọwọ́ bí iná), wọ́n á wá gbé e sínú ààrò kó gbẹ. Ìgbà yẹn ló ń tó kan àwa tí à ń bó awọ pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀bẹ kékeré àti èékánná ni irinṣẹ́ wa. Tó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ti kálukú sórí ìwọ̀n, wọ́n á kọ kílò rẹ̀ sínú ìwé. A kì í gba owó oṣù kan pàtó. Iye kílò téèyàn bá bó ló máa gba owó rẹ̀.

₦150 ni kílò kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oṣù kejì ń parí, tí kajú tuntun ti ń ya wọlé tí wọn ò sì rí èèyàn tó, mánéjà fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ₦200 ni kílò kan. Ariwo ayọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyá kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bọ́ sáàárín, ó jó. A wá múra sí iṣẹ́ gan-an. Kílò 312 ni mo bó lóṣù náà, ẹ̀yìn sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí.

Àláàtì dé: ₦42,300. Mo ṣírò ó títí, kò jọra wọn. Kílò 312 lọ́nà ₦200, ₦62,400 ni. Ìgbà tí mo wá fi iye àtijọ́, ₦150, ṣírò rẹ̀, tó jẹ́ ₦46,800, ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Wọn ò san owó tuntun rárá. Wọ́n wá tún yọ ₦4,500 lórí èyí tí wọ́n san. Wọ́n ní owó kajú tó fọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kajú tó fọ́ yìí, torí òun ló dùn mí jù. Bí kajú bá gbẹ jù nínú ààrò, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ rọ̀ tó, á fọ́ ni. Bí kò bá sì gbẹ tó, awọ rẹ̀ ò ní ṣí, wàá máa fi ọ̀bẹ ha á, á tún fọ́. Ààrò yẹn ló ń pinnu púpọ̀ nínú ẹ̀, àwa kọ́ là ń dáná ààrò. Èyí tó fọ́ yẹn náà, wọn ò dà á nù. Lóòótọ́, odidi funfun ni owó ńlá wà lára rẹ̀, àwọn oníbàárà òkè òkun a tiẹ̀ máa ka iye ẹyọ tó wà nínú ìwọ̀n pọ́n-ùn kan: èyí tí wọ́n ń pè ní W320, bí 300 sí 320 ẹyọ ló ń wà nínú pọ́n-ùn kan. Ṣùgbọ́n èyí tó là sí méjì ní iye tirẹ̀, wẹ́wẹ́ náà ní iye tirẹ̀, wọ́n sì ń tà á. Ẹ ta á tán, ẹ tún bu owó rẹ̀ lé mi lórí. Kí lẹ fẹ́ kí n pe ìyẹn?

Bí mo ṣe délé, gbogbo èèyàn di lọ́yà. Ẹnì kan ní kí n kígbe ₦70,000 lé wọn lórí, pé owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024 nìyẹn. Inú mi ti ń dùn, àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba, ní kí n rọra. Ó ní òfin ₦70,000 yẹn yọ àwọn kan sílẹ̀: ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá tó 25, àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọjọ́, iṣẹ́ oko tó ní ìgbà tirẹ̀, àti àwọn tó ń gbowó bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bá ṣe pọ̀ sí. Àwa oníkílò ló ń bá wí yẹn. Ó ní bí mo bá gbé e lọ, ẹ̀rín ni wọ́n á tún fi mí rín. Èyí tó ní kí n dì mú ni òfin iṣẹ́ àtijọ́, Labour Act. Abala 5 rẹ̀ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí kò bìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà fún un kó tó lè yọ ohunkóhun. Abala 7 sì ní bí iye owó bá yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ kí oṣù kan tó pé. Wọn ò kọ nǹkan kan fún wa rí.

Mo wá padà sọ́dọ̀ akáǹtì. Ibẹ̀ ni ìyọnu wà, torí kò jiyàn. Ó kàn ní òun ò lè ṣe nǹkan kan láìrí rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ kílò sí.

Ó dáa. Mo lọ bá súpáfáísọ̀. Obìnrin yẹn ní rẹ́jísítà wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń wọn ọjà. Ọmọ yẹn ní, "Mà, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi látìgbà tí oṣù ti parí, ọ́fíìsì ló wà." Mo padà sí ọ́fíìsì. Akáǹtì ní hẹ̀ẹ́, òun rántí, ó ti lọ sí Ìbàdàn, àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò ló ní kí wọ́n gbé e wá. Ìgbà wo ló máa dé? Ó ní tí mọ́tò wọn bá ti ń bọ̀. Ìgbà wo ni mọ́tò wọn ń bọ̀? Ó ní ẹ ò mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí ni? Ẹni tó bá ti gba títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá mọ̀ pé kò sí èsì fún ìyẹn.

Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá kúrò nídìí iṣẹ́ lọ bá a, kajú mi ò bó ara rẹ̀, owó tèmi ló ń dín kù, owó oṣù tirẹ̀ ń wọlé. Súpáfáísọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn tí a jọ ń bó o ń sọ fún mi ní kọ́rọ̀ pé kí n fi sílẹ̀, pé wọ́n á lé mi. Àwọn náà ni wọ́n yọ owó wọn o! Ìyá tó jó lọ́jọ́ yẹn gan-an, ₦6,000 ni wọ́n pè ní kajú fífọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan mo wọlé bá akáǹtì níbi tó ti ń jẹun. Kúlà oúnjẹ rẹ̀ wà lórí fèrèsé, ìwé ńlá kan wà lábẹ́ kúlà náà kó má bàa jó pákó. Ẹ̀yìn ìwé yẹn líle, búlúù ni, etí rẹ̀ kan ti ya, àmì epo pupa kan sì wà lójú rẹ̀ gbàǹgbà. Èmi mọ àmì epo yẹn. Ìṣojú mi ni ọ̀lẹ̀ tí wọ́n rà lẹ́nu géètì ṣe kán epo sí i. Rẹ́jísítà wa ni. Mo ní, "Ọ̀gá akáǹtì, ẹ kú oúnjẹ. Ṣé ọ̀nà Ìbàdàn ti wá dáa, tí rẹ́jísítà fi tètè dé?"

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Ó ṣí i. Kílò mi wà níbẹ̀, ó bá ti inú ìwé kékeré tèmi mu látòkèdélẹ̀, torí pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ní kí ọmọ tó ń wọn ọjà fọwọ́ sí tèmi náà. (Àwọn kan máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìwé yẹn, wọ́n ń pè mí ní tíṣà.) Ọkùnrin yìí wá gba ibòmíràn yọ. Ó ní kílò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò síbi tí wọ́n kọ ₦200 sí, àti pé odidi nìkan ni mánéjà ń sọ, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Mo yọ fóònù, mo tẹ ohùn mánéjà fún un níbẹ̀. "Kílò kan" ló sọ. Kò dárúkọ odidi, kò dárúkọ èyí tó fọ́. Mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà wá.

Mo kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Tákíè nínú ìlú wa, mánéjà gan-an ni mo kọ ọ́ sí. Kò ju ojú ìwé kan lọ. N kò ro ẹjọ́ nínú rẹ̀, n kò sì bú ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń yún mi létè. Ohun tó wà láàárín rẹ̀ nìyí:

Kílò tí mo bó ní oṣù kẹta: 312
Iye kílò kan gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kéde: ₦200
Owó tó yẹ kí n gbà: ₦62,400
Owó tí ẹ san: ₦42,300
Èyí tó ṣẹ́ kù: ₦20,100

Mo kọ abala 5 àti abala 7 sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n san án láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀dà lẹ́tà náà ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní Ìbàdàn. Kóòtù tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, National Industrial Court, wà ní Ìbàdàn náà, ṣùgbọ́n èmi kò dárúkọ ìyẹn. Owó ọkọ̀ àti owó lọ́yà á ti jẹ ₦20,100 tán kí wọ́n tó pe orúkọ mi. Ohun tí mò ń fẹ́ ni kí lẹ́tà ṣe iṣẹ́ náà tán láìjẹ́ pé mo wọkọ̀.

Akọ̀wé gba lẹ́tà, ó ní kò sí bí òun ṣe lè fọwọ́ sí ẹ̀dà tèmi pé òun ti gbà á. Kí ló dé? Ó ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Mo ní ó dáa, mo gba lẹ́tà mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà títí mánéjà fi jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, ó kọ déètì, ó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Sà, gbogbo ẹ̀ wà nínú lẹ́tà." Ká ní mo mọ̀ pé ó rọrùn tó báyẹn láti rí i ni, n kì bá ti jẹ́ kí akáǹtì fi rẹ́jísítà gbé mi lọ Ìbàdàn àfẹnusọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní agbára láti sọ pé "ẹ san án" ni kó gbé ìwé lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé lásán, kò sí ohun tó máa bá a wí tó máa tán.

Ọjọ́ méje ò pé tí ₦15,600 fi wọlé. Mo kọ́kọ́ hó. Kò pẹ́ tí inú fi tún bí mi, torí ₦4,500 kajú fífọ́ ò sí níbẹ̀. Mo tún padà lọ, mánéjà ní òun ti ní kí wọ́n má yọ irú owó bẹ́ẹ̀ mọ́, ìyẹn náà máa wọlé. Láti oṣù yẹn wọn ò yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo wa la sì ń gba ₦200 báyìí. Ṣùgbọ́n owó oṣù kẹta àwọn tí kò ní ìwé tiwọn, wọ́n ṣì ń sọ fún wọn pé àwọn ń wò ó. Rẹ́jísítà wà níbẹ̀ o, kílò wọn wà nínú rẹ̀, òfin sì ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo ti bá ìyá tó jó kọ lẹ́tà tirẹ̀, ó kù kó gbé e lọ. Ẹ̀rù ń bà á, n ò sì lè bá a gbé e.

₦4,500 mi dé lẹ́yìn tí oṣù tún parí. Wọ́n dà á pọ̀ mọ́ owó kílò oṣù náà, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kan sí i pé kí ni. Mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sọ́tọ̀ fún mi lórí ìwé, torí bí akáǹtì mìíràn bá jókòó sórí àga yẹn lọ́la, ó lè ní wọ́n san án lé fún mi ni, kó sì yọ ọ́ padà.