Ìjọba kì í pín oyin: àṣìṣe tí àwọn olóyin tuntun ń fi owó wọn ṣe

Ọmọkùnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá láti apá Ìkòyí-Ilé. Ó yọ fóònù, ó fi àwòrán hàn mí: ogún àpótí oyin, funfun báláú, ó tò wọ́n sábẹ́ kajú bí àga ilé ìjọsìn. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tí wọ́n ti wà níbẹ̀, oyin kan ò sì yọjú sí wọn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ìjọba ti ń pín oyin tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀?”

Ẹnu mi wọhò. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń sin oyin ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ọdún kan tí mi ò rí ẹni tó kó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, tàbí owó ilẹ̀ tó tà, sínú irú nǹkan báyìí. Ìjọba kì í pín oyin, oyin fúnra rẹ̀ ló ń wá ilé wọ̀. Ìjọba ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún olóyin. Ohun tí wọ́n ní kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ bèèrè. Ó ti pẹ́ tó ti ń ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Àkọ́kọ́, ríra fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ ìjọba kì í ṣe ọjà. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí orúkọ yín tó wọ̀wé, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Èkejì, wíwá ohun tó wà ní àdúgbò yín lọ sí Àbújá. Láti nǹkan bí 1975 ni iṣẹ́ ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba, ti bẹ̀rẹ̀ lókè ọya, ní Funtua, Gusau àti Gombe, kó tó di pé ó kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ìmọ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn olùwádìí wá sí oko. Òṣìṣẹ́ wọn kan wà tí àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lọ mọ orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò pọ̀, mo mọ̀ pé ọ̀kadà tí wọ́n ń gùn ti gbó, pé ìgbà mìíràn apò ara wọn ni wọ́n fi ń ra epo. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀kan nínú wọn mọ̀ ì bá ti gbà mí lọ́wọ́ àdánù. Ní Oṣù Kìíní ọdún kan, nígbà tí kajú tanná, mo dé oko láàárọ̀, mo bá òkú oyin lẹ́nu ọ̀nà àpótí mẹ́rin, wọ́n ga tó ìka mẹ́ta, àwọn mìíràn ṣì ń yí gbiri nínú iyanrìn. Aládùúgbò mi ti fín kajú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú. Kò mọ̀ pé oyin mi wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ADP ti kéde ọjọ́ fífín oògùn nípàdé àgbẹ̀, ó sì ti bẹ̀ wọ́n pé ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n máa fín in, nígbà tí oyin bá ti wọlé. Èmi ò sí nípàdé, nítorí mo gbà pé ìpàdé kajú ni, kò kàn mí.

Ẹ̀kẹta, lílọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nítorí sáàtífíkéètì àti owó ọkọ̀. Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n: “Ṣé a máa ṣí àpótí tó ní oyin nínú?” Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ jókòó sílé yín. FRIN, ilé ìwádìí nípa igbó tó wà ní Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, ń kọ́ni ní ọ̀sìn oyin, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, náà ń sin ín. Irú ibẹ̀, níbi tí oyin gan-an ti ń fò, ni kí ẹ náwó yín sí bí ẹ bá máa náwó.

Mo rántí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan tí mo lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. A kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́ lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tí olùkọ́ ní kí á máa bọ̀ lóko, àwọn tó ti gba owó ọkọ̀ ti bá ọ̀nà wọn lọ. Àwa díẹ̀ ló kù. Ó kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti pòpórò àgbàdo sínú símókà, agolo tí a fi ń fẹ́ èéfín sí oyin, ó fẹ́ èéfín sẹ́nu àpótí lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá dúró. Ó ní kí á tẹ́tí. Ìró inú àpótí, tó ń han tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di kíkùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní, “Ó di báyìí kí ẹ tó ṣí i.” Láìpẹ́, oyin kan ta ẹnì kan nínú wa, òórùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n gba afẹ́fẹ́. Olùkọ́ ní òórùn yẹn ni oyin tó ta ni fi ń pe àwọn yòókù sí ojú ibẹ̀. Kí á fi èékánná ha oró náà kúrò kíákíá, kí á fẹ́ èéfín sí i, kí òórùn náà lè parẹ́. Ta ni yóò rí èyí kọ́ lára ògiri gbọ̀ngàn? Gbogbo ẹni tí mo mọ̀ láti inú ètò yẹn tó ṣì ń fa oyin lónìí, ó wọ aṣọ oyin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ wá fara balẹ̀ fún mi lórí èyí tó dùn mí jù: àpótí ọ̀fẹ́.

Ètò kan dé, wọ́n pín àpótí márùn-ún márùn-ún fún wa. Wọ́n ya wá ní fọ́tò. Mo gba tèmi, inú mi dùn dé ibi tí mo fi pe ìyàwó mi láti ibẹ̀. Oṣù Kẹrin ni. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti nǹkan bí Oṣù Kẹwàá títí wọ inú ọyẹ́, ni ọ̀wọ́ oyin ń pínyà tí wọ́n ń wá ilé tuntun. Àpótí tó bá wọ oko ní Oṣù Kẹrin, òjò ni yóò kọ́kọ́ gbé inú rẹ̀, lẹ́yìn náà alángbá, lẹ́yìn náà ikán. Bó bá fi máa di ìgbà tí oyin ń wá ilé, ó ti jẹrà.

Wọ́n ti fi oògùn ikán kun àwọn àpótí náà tinú tẹ̀yìn. Mo ki orí bọ ọ̀kan, ó ta mí lójú tó bẹ́ẹ̀ tí omi ń dà. Kòkòrò ni oyin, ohun tó lé ikán á lé òun náà. Mo fi yanrìn ha inú wọn, mo sá wọn sóòrùn fún oṣù méjì, mo wá yọ́ ìda sí wọn nínú. Àpótí tí òórùn ìda bá wà nínú rẹ̀, oyin mọ̀ pé ilé ni.

Èyí tó pa mí lára ni òṣùwọ̀n. Àpótí top-bar ni, irú èyí tí wọ́n ṣe jáde ní Kẹ́ńyà ní àwọn ọdún 1970. Àwọn igi pẹlẹbẹ la tò sórí rẹ̀, abẹ́ igi kọ̀ọ̀kan ni oyin ń so afárá kan rọ̀ mọ́. Ìbú igi yẹn ni gbogbo nǹkan. Oyin tiwa ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fẹ́ 32 mìlímítà láti àárín afárá kan dé àárín èkejì. Bí igi bá fẹ̀ jù, wọ́n á so afárá gba orí igi méjì mẹ́ta kọjá. Èmi ò wọn tiwa. Mo gbà pé ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, ẹnì kan ti wọ̀n ọ́n.

Oyin wọ àpótí kejì ní Oṣù Kọkànlá. Ní Oṣù Kìíní mo lọ ṣí i. Mo fa igi àkọ́kọ́, kò wá. Mo ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ rẹ̀, mo tún fà á, igi mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, afárá sì ya láàárín. Oyin ṣàn sí mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ oyin funfun já bọ́ sínú iyanrìn. Àwọn àgbà wọn lé mi dé títì. Lọ́jọ́ kẹta, àpótí ti ṣófo, èèrà ló kù nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó lọ mú tépù: igi kan 38, òmíràn 40. Mìlímítà mẹ́fà ló lé ilé oyin kan kúrò lóko mi.

Àpótí Langstroth tí àwọn ètò kan ń pín báyìí náà ń kọ́? Àpótí tó dára ni, láti 1852 tí pásítọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Langstroth ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Àmọ́ ara oyin Yúróòpù ni wọ́n ti wọn férémù rẹ̀, 35 mìlímítà, oyin wọn sì tóbi ju tiwa lọ. Ó tún nílò ẹ̀rọ tó ń yí oyin kúrò nínú afárá láìfọ́ ọ, ẹ̀rọ yẹn kì í sì í bá àpótí wá. Ni ènìyàn bá ń gé afárá kúrò lára férémù tó wọ́nwó, tó ń fi ọwọ́ fún un, bí bàbá wa ṣe ń ṣe nídìí ìkòkò.

Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ mú tépù dání. Igi tó bá fẹ̀ jù, káfíńtà àdúgbò yín lè fá a kù fún yín láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ẹ yọ́ ìda sí i, kí ó sì wà lóko kí Oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó, nítorí ìjàlọ. Bí oyin bá wọlé, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán: nǹkan bí ogún ọjọ́ ni ẹyin fi ń di oyin òṣìṣẹ́.

Àwọn yòókù kò gùn. Ẹ̀yáwó: ẹ má yá owó tí oyin ọdún àkọ́kọ́ yóò san, torí oyin lè ṣí lọ kí oṣù ìsanwó tó dé. Ẹgbẹ́: àwọn kan tí mo mọ̀ fi owó gọbọi forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ìgbà tí ètò dé, ìwé kọ́párétíìfù láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n bèèrè, èyí tí ènìyàn mẹ́wàá tó láti dá sílẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó náwó. Afárá tí oyin kò tíì fi ìda dé lójú, ẹ má kó o. Omi rẹ̀ ṣì pọ̀, á kan. Ewúrẹ́ àwọn ará àdúgbò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má so ó mọ́lẹ̀ nítòsí àpótí oyin.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà tún wà. Ọ̀pọ̀ kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tí ètò tó tẹ̀lé ti àpótí ọ̀fẹ́ yẹn dé, òṣìṣẹ́ tó wá yẹ oko wò kò bi mí ní sáàtífíkéètì. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí àkọsílẹ̀ yín.” Mo fún un ní ìwé àádọ́ta ewé kan tí ìda ti lẹ̀ mọ́ lára. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló dúró sí tó ń kà:

“14 Oṣù Kọkànlá. Àpótí 2. Oyin wọlé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

9 Oṣù Kìíní. Mo ṣí i. Afárá dàrú, ó ya.

12 Oṣù Kìíní. Wọ́n ti lọ. Igi: 38, 40, 38, 39.”