Owó tó bá wáyà lọ nígbà tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa Martin Luther King

₦14,500 ni mo fi ra wáyà tí kò ṣe mí láǹfààní kankan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná. Gbogbo àwọn tó ń pariwo pé kí tíṣà máa fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọdé, ìkankan nínú wọn ò dárúkọ wáyà fún mi.

Òṣogbo níbí ni mo ti ń kọ́ni, nílé ìwé aládàáni kan lápá Òkè-Báálẹ̀. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà sí méje ló wà lọ́wọ́ mi. Màmá tó ni ilé ìwé ra projector tòkunbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, wọ́n ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò ó kí sáà tó parí. Mo mú Martin Luther King, ẹni tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, nítorí pé àwòrán rẹ̀ wà lára kàlẹ́ńdà kan ní kíláàsì wa, àwọn ọmọ ò sì yé bi mí bóyá Ààrẹ Amẹ́ríkà ni.

Mi ò lo àwọn fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Òyìnbó inú wọn ń sáré sọ̀rọ̀ jù, ibi ọ̀rọ̀ tí King sọ ní Washington lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni ọ̀pọ̀ wọn sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà wo ló fẹ́ jókòó gbọ́ ìyẹn? Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo mú. Ta ni ọmọ Òṣogbo tí kò wọ kọ̀rọ̀pẹ́ rí? Mo ya àwòrán sórí kádíbọ́ọ̀dù, mo fi fóònù yà wọ́n, mo wá fi ohùn ara mi sọ ìtàn náà sí i ní Yorùbá. Ìyẹn ò le rárá. Ẹ ṣáà ti gba ohùn yín sílẹ̀ ní ìdájí, kí àwọn tó ń lọ ata tó tan ẹ̀rọ wọn.

Mo sọ bí nǹkan ṣe rí ní ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Aláwọ̀ dúdú á san owó ọkọ̀ níwájú, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó lọ gba ẹ̀yìn wọlé, nígbà mìíràn awakọ̀ á ti wa ọkọ̀ lọ kó tó dé ibẹ̀. Mo fi Claudette Colvin sí i, ọmọ ilé ìwé, ọmọ ọdún 15, tí ọlọ́pàá mú ní oṣù kẹta ọdún 1955 nítorí pé kò dìde fún aláwọ̀ funfun. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n mú Rosa Parks, aránṣọ, nítorí ohun kan náà, ni àwọn aláwọ̀ dúdú bá kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Apá Claudette yẹn dùn mọ́ mi gan-an, torí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí fọ́mọdé máa ń fò ó.

Ó wá ku kí fídíò kúrò lórí fóònù bọ́ sára ògiri.

Ihò HDMI, èyí tí àwòrán àti ohùn ń gbà wọlé, ló wà lẹ́yìn projector; Type-C, ihò tí mo fi ń ṣáájì, ló wà nídìí fóònù mi. Mo lọ sí Old Garage, ọmọkùnrin kan kó wáyà jáde, ó ní, "Àǹtí, kò sí fóònù tí kò ní bá a ṣiṣẹ́." Mo délé ìwé, mo kì í bọ̀ ọ́, projector ní òun ò rí nǹkan kan. Mo padà lọ bá a, ó ní èyí tí mo rà ni kò lágbára tó, ó gbé òmíràn tó wọ́n jù ú lọ wá. Òfo nìyẹn náà já sí. Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó nawọ́ sí ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ṣọ́ọ̀bù: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Mo bínú débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé pé tíṣà ni mí.

Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní kì í ṣe gbogbo Type-C ló ń gbé àwòrán jáde. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú, iná àti fáìlì nìkan ni ihò yẹn ń gbé, kò sí irú wáyà yẹn tó lè fa ohun tí kò sí níbẹ̀ jáde. Ṣé ẹni tó ń tà á ò wá mọ̀ ni?

Ó ní kí n wo ara projector bóyá ihò USB wà níbẹ̀. Ó wà. Mo da fídíò sórí fíláàṣì, projector ò tiẹ̀ rí fíláàṣì náà. Ọ̀nà tí fíláàṣì fi ń to fáìlì ló fà á: exFAT ni wọ́n ṣe é sí, FAT32 sì ni irú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí sábà máa ń fẹ́. Àǹkù tó ń kọ́ Píráímárì Karùn-ún fi laptop rẹ̀ tún un ṣe. Ó wá rí i, ó gbé ohùn jáde, kò gbé àwòrán. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri dúdú bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò! Ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má tóbi ló fa ìyẹn: H.265 ni fóònù mi fi ká fídíò náà, H.264 ni projector mọ̀. VLC, ètò kan tó wà lórí laptop, la fi yí i padà, ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ, bátìrì laptop ń lọ sópin. Nígbà tí àwòrán bọ́ọ̀sì mi yọ lára ògiri, mo pariwo, mo sì jó díẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ dùn. Mo sọ fún wọn pé pásítọ̀ ni King, kì í ṣe Ààrẹ, ọmọ ọdún 26 péré ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Nígbà tí fídíò dé ibi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ò ti wọ bọ́ọ̀sì fún ọjọ́ 381, ọmọkùnrin kan dìde: "Àǹtí, kí ló dé tí wọn ò gun ọ̀kadà?" Mo dá fídíò dúró. Mo ní wọ́n fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ní mọ́tò ń gbé ara wọn, àwọn onítakisí aláwọ̀ dúdú sì ń gba sẹ́ǹtì 10, iye tí bọ́ọ̀sì ń gbà, títí àwọn aláṣẹ ìlú fi ní wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń wa kọ̀rọ̀pẹ́ ní tí awakọ̀ ò bá rí èrò, kò ní rówó ra epo. Gbogbo kíláàsì ló yé lójú ẹsẹ̀! Mo kàn fi kún un pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ló fọba lé e ní ọdún 1956, wọ́n ní yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lòdì sófin, Claudette sì wà lára àwọn tó pẹjọ́.

Ẹnì kan gbà mí níyànjú pé kí n yọ ikú King kúrò. Mi ò gbà. Mo sọ pé wọ́n yìnbọn pa á ní Memphis ní oṣù kẹrin ọdún 1968, ọmọ ọdún 39, láìfi àwòrán kankan hàn wọ́n. Wọ́n béèrè bóyá wọ́n mú ẹni tó yìnbọn, mo ní wọ́n mú un, ẹ̀wọ̀n ló sì kú sí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Bọ́ǹbù tí wọ́n jù sílé rẹ̀ ni mo fò, torí ìkókó ni ọmọ kan ṣoṣo tí King ní nígbà náà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lálàá rẹ̀ lóru.

Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, fíláàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò kí ẹ tó náwó kankan. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dátà nínú kíláàsì. Ẹ sì jẹ́ kí fídíò kúrú, ìbéèrè wọn ló máa gba àkókò.

Màmá tó ni ilé ìwé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ó fi parí. Wọ́n ní sáà tó ń bọ̀, kí n ṣe ti Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, bí wọ́n ṣe kọ owó orí títí Aláké fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1949. Mo ní ó dáa, mà, ẹ ra laptop. Wọ́n ní àwọn á rò ó.