Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ayàwòrán-Ilé Máa Ń Ṣe Bó Bá Ń Ya Ilé Ará Ìlú

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni wọ́n ní ká ya ilé ìwòsàn kékeré fún àdúgbò kan nínú ìlú Àkúrẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ya tèmi. Mo tẹ òrùlé rẹ̀ bí apá ẹyẹ, mo fi gíláàsì bo iwájú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, mo sì gbé e lé orí pèpéle gíga kí ó lè yọ láàárín àwọn ilé tó yí i ká. Lọ́jọ́ júrì, ìyẹn ọjọ́ tí a ń gbé iṣẹ́ wa síwájú àwọn àgbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, àgbà ayàwòrán-ilé kan tí wọ́n pè wá láti ìta wo pílánù náà títí. Ó gbé ìka lé ojú títì, ó ní: "Ọmọ mi, aago méjì òru ni, òjò ń rọ̀. Ọ̀kadà gbé aboyún tó ń rọbí dé síbí. Fi ìka rẹ mú un dé orí bẹ́ẹ̀dì fún mi."

Mo fi ìka mú un. Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ gùn nínú òjò. Ó la gbọ̀ngàn ìdúró kọjá, ó yà lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dé ẹnu ilẹ̀kùn tí bẹ́ẹ̀dì onítáyà kò lè gbà wọlé. Bàbá náà kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn ní kí n tún un mú lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n rọra ṣe é. Ọjọ́ náà ló yé mi pé ẹsẹ̀ ẹni tó máa wọ ilé ará ìlú, ìyẹn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò, la fi ń yà á. Ojú ẹni tó máa dúró lókèèrè wò ó ni èmi ti fi ya tèmi. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wà ní sítúdíò lónìí, ibi kan náà yìí ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀ ti ń yọjú.

Èyí tó ń ṣe wá jù ni pé a máa ń yàwòrán ká tó lọ jókòó síbi tí irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n á ní ká lọ wo ilé mélòó kan tó ti wà nílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. A ó dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá, a ó ya fọ́tò iwájú ilé, a ó wọn yàrá kan tàbí méjì, ó di ilé. Orí fóònù la ti ń wá ìyókù: ilé ìkàwé ní Denmark, ilé ẹjọ́ ní Japan. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àmọ́ ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn júrì yẹn, mo tọrọ àyè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan, mo sì débẹ̀ láago méje àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo jókòó títí di aago kan ọ̀sán. Bẹ́ǹṣì onígi gígùn mẹ́jọ ni wọ́n tò sínú gbọ̀ngàn ìdúró, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ọlọ́mọ ti dìde lórí rẹ̀. Etí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àwọn kan bọ́ sí, àwọn kan wà lábẹ́ igi máńgòrò. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, ó ní: "Bọ̀dá, inú ibẹ̀ yẹn móoru jù, ọmọ mi ò ní yé sunkún. Bí mo bá sì jókòó sẹ́yìn, mi ò ní gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì bá pe orúkọ mi." Fèrèsé kékeré kan ní ìkángun gbọ̀ngàn ni Nọ́ọ̀sì ti ń pe orúkọ. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ lọ tọ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀, bó ṣe di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn. Òmíràn tẹ́ ìró rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló ti ń pààrọ̀ nápì ọmọ, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀ dá.

Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kùn ún, ṣùgbọ́n ilà dúdú kan wà lára rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ó tó nǹkan bíi mítà kan sí ilẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọdé ló fi èédú fà á. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó kan wọlé, kò ní ọ̀pá lọ́wọ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ilà náà gan-an, ó sì ń ti ibẹ̀ wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ olóògùn. Ọwọ́ àwọn arúgbó, láti ọdún pípẹ́ wá, ló ya ilà yẹn. Ibi tó yẹ kí irin ìdìmú wà ni wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn sàmì sí, kò sì sí ayàwòrán-ilé kankan tó wá wò ó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wo ilé, ẹ lo wákàtí mẹ́rin níbẹ̀, ó kéré tán, kí ẹ sì lọ lọ́jọ́ tí èrò pọ̀. Ẹ wo ibi tí ilẹ̀ ti jẹ, ibi tí ògiri ti dọ̀tí, ibi tí àwọn ènìyàn gbé àga sí fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ oòrùn ló tẹ̀ lé e. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí ìhà àríwá agbedeméjì ayé. Ìwé tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ òtútù á sọ fún yín pé kí ẹ ṣí gíláàsì sí gúúsù kí oòrùn lè wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ooru la ń sá fún. Láti inú oṣù kẹrin títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan ń dúró sí lókè orí wa. Ní àwọn oṣù yòókù, ìhà gúúsù ni. Méjèèjì ló ga sókè, etí òrùlé tó yọ síta dáadáa á dá a dúró. Èyí tí apá òrùlé kò ká ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, pàápàá ti ìrọ̀lẹ́, torí ìsàlẹ̀ ló ti ń ta wọlé nígbà tí ilé ti gbóná tán. Síbẹ̀, ẹ wo iye pílánù tó kọjú ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé sí ìwọ̀ oòrùn torí pé ibẹ̀ ni títì wà, tó fi gíláàsì bò ó, tó wá kọ A/C sí gbogbo yàrá. Ta ni yóò máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tó máa gbé A/C náà? Ẹ na ilé yín láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ méjèèjì kọjú sí àríwá àti gúúsù. Bí títì bá wà ní ìwọ̀ oòrùn, ẹnu ọ̀nà ló lè wà níbẹ̀, ìyẹn kò ní kí gbogbo fèrèsé bá a lọ.

Atẹ́gùn náà ńkọ́? Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ìgbà òjò ti ń fẹ́ wá bá wa, ti ọyẹ́ sì ń bọ̀ láti àríwá ìlà oòrùn. Yàrá tó ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò gbọ́dọ̀ jìn ju ìlọ́po méjì gíga àjà rẹ̀ lọ. Bí àjà bá ga ní mítà 3, mítà 6 ni atẹ́gùn lè wọlé dé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ibẹ̀ á máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Tí fèrèsé bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra wọn, a lè dé nǹkan bíi mítà 15. Ẹ tún ṣọ́ra fún fèrèsé gíláàsì tí à ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gbòde báyìí. Bí ẹ bá yà á ní mítà 2 ní fífẹ̀, mítà 1 péré ló lè ṣí, torí gíláàsì kan á máa dúró níwájú ìkejì. Louvre àtijọ́ tí à ń fi ojú kéré, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣí.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀, ẹ wọ mọ́tò lọ sí yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló ya ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Humanities tó wà níbẹ̀. Ìpele òkè yọ ju tìsàlẹ̀ lọ, bí ẹni dorí píráḿídì kodò, kí tòkè lè máa ṣíji bo tìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ wa níbí náà, ààfin àtijọ́ Déjì, ọba Àkúrẹ́, wà. Àgbàlá inú rẹ̀ ju 15 lọ, uà ni àwọn ará Àkúrẹ́ ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: Uà Ùbúra fún ìbúra, Uà Ìkómọ fún ìsọmọlórúkọ. Yàrá tó yí àgbàlá ká ń rí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn láti inú ilé fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì wọlé mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun gbọ́dọ̀ dúró sí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ pátákó. Ilé ará ìlú ni ààfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé a ń kọjá níwájú rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, tí a sì ń wá àpẹẹrẹ lọ sí Denmark.

Nípa àwọn àkàndá ènìyàn, kí n sọ ọ́ gbangba: ẹ má gbé ọ̀nà wọn sẹ́yìn ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Òfin ti wà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Nàìjíríà ìgbà náà buwọ́ lu òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ sí wọn, ó fún ilé ará ìlú ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe, ọdún 5 náà sì ti pé ní 2024. Bí a bá gbé ilé sókè ní mítà 1, ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 12, kí ẹni tó wà lórí àga onítáyà lè ti ara rẹ̀ gùn ún. Àwọn àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án tèmi yẹn, mílímítà 150 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,350, ọ̀nà tó dagẹ̀rẹ́ fún un á gùn tó mítà 16 ó lé díẹ̀, yóò sì tún ní ibi ìsinmi láàárín. Mítà 3 ni mo yà sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé àga gba ibẹ̀ á dojú dé. Pèpéle tí mo torí ẹwà gbé sókè ló fa gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tó ní kí ilé náà ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka gíga ilẹ̀ ilé yín kí ẹ tó gbádùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ dín ní mílímítà 900, àyè tí àga onítáyà fi ń yí padà sì jẹ́ mítà 1.5. Ní ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí bẹ́ẹ̀dì ń gbà fẹ̀ tó mítà 2.4.

Gbọ̀ngàn èrò tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, pańpẹ́ ni. Ọ̀nà méjì tó jìnnà síra wọn ni, ó kéré tán, kí ilẹ̀kùn sì máa ṣí síta, torí bí èrò bá ń sá fún iná, wọn ò ní ráyè fa ilẹ̀kùn sínú. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó máa lo ilé náà á fi irin dènà olè sí gbogbo fèrèsé. Ẹ ya irin náà fúnra yín, kí ẹ ṣe èyí tó lè ṣí láti inú.

Ilẹ̀ Àkúrẹ́ kì í ṣe bébà funfun. Àpáta sún mọ́ òkè ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ sì ń dagẹ̀rẹ́ lọ sí odò. Mo ti rí pílánù tó gbé sókawéè, kòtò tí omi ìdọ̀tí ń gbà wọnú ilẹ̀, sórí àpáta tí èmi fúnra mi mọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ kí irin tó máa dún, tí omi kankan ò sì lè wọlẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti gbẹ́ kànga ládùúgbò. Kí sókawéè jìnnà sí bọ́ọ̀hóòlù tó mítà 30. Táńkì 1,000 lítà, tó bá kún, tọ́ọ̀nù kan ni omi inú rẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí òrùlé lálẹ́ tó ṣáájú júrì. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, torí wọ́n ń pẹ́ jù, wọ́n sì ń mú ọmọ dání.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn òrùlé tí wọ́n fi ògiri bo etí rẹ̀, tí gọ́tà rẹ̀ sá pamọ́ sínú. Ó mọ́ lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òjò tiwa ju mílímítà 1,000 lọ lọ́dún, ewé á dí gọ́tà, omi á kún un, yóò sì gba inú àjà wọlé. Ilé ìjọba kì í tètè rí owó àtúnṣe. Òrùlé tó dagẹ̀rẹ́ tí etí rẹ̀ yọ síta, bí páànù kan bá tú lára rẹ̀, káfíńtà àdúgbò á fi àkàbà kan ṣe é. Kí àjà tó nípọn sì wà lábẹ́ páànù náà, torí bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù lásán, olùkọ́ á kàn máa mi ẹnu ni, ọmọ ẹ̀yìn kíláàsì ò ní gbọ́ nǹkan kan.

Mo tún ilé ìwòsàn yẹn yà. Kò sí pèpéle mọ́. Ilẹ̀kùn aboyún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, òrùlé yọ jáde bo ibi tí ọ̀kadà máa dúró sí, ó sì di mítà 14 sí orí bẹ́ẹ̀dì láìsí àtẹ̀gùn kankan. Irin ìdìmú gba ara ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ olóògùn. Mo yí ìjókòó ìdúró ká àgbàlá kan tó ní igi láàárín, Nọ́ọ̀sì sì ń rí gbogbo wọn láti ibi tó jókòó sí. Lálẹ́ tó ṣáájú júrì kejì, mo fi ìka mú ènìyàn márùn-ún wọ inú pílánù náà: aboyún, bàbá tí kò ní ọ̀pá, ọmọdé tó fẹ́ tọ̀, ẹni tó wà lórí àga onítáyà, àti ìyá tó ń gbálẹ̀. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ìyá agbálẹ̀ pọn omi, ó fọ ilẹ̀ tán, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìdọ̀tí dání, kò sì rí ibi tó máa dà á sí. Aago méjìlá òru ti kọjá. Mo fa ilà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ya yàrá kékeré kan fún un, mo sì fi ihò tí omi ìdọ̀tí máa gbà lọ sí i.