Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Rìn Káàkiri Houston Láì Ní Mọ́tò

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni pé ẹni tí kò bá ní mọ́tò níbẹ̀ kò lẹ́sẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé mọ́tò ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń la títì ìlú náà: ibì kan wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Katy tó fẹ̀ débi pé, bí a bá ka àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ 26 lè tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ èrò tí wọ́n ń pè ní METRO ní bọ́ọ̀sì àti rélùwéè tó ń ná ìlú náà lójoojúmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó ṣì ń tu owó mọ́tò jọ sì lè fi wọ́n gbọ́ bùkátà rẹ̀, bí ó bá ti ibi tó yẹ bẹ̀rẹ̀.

Ilé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó san owó kankan fún lánlọ́ọ̀dù. Ẹ ṣí àwòrán ọ̀nà bọ́ọ̀sì METRO lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wo àwọ̀ ìlà tó gba àdúgbò náà kọjá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015 ni METRO tún ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ tò, tí wọ́n dín àwọn tó ń lọ́ kiri kù, tí wọ́n sì mú kí púpọ̀ nínú wọn máa tọ títì gbọọrọ kan lọ, kí wọ́n lè máa pàdé ara wọn ní oríta. Láti ìgbà náà, ìlà pupa ni ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì kì í jù ìṣẹ́jú 15 lọ kí òmíràn tó dé lójú ọ̀sán, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Ní ìlà búlúù, ẹ lè dúró tó ìdajì wákàtí. Ní ìlà aláwọ̀ ewé, ó lè tó wákàtí kan. Ní tèmi, àwọ̀ yìí ló yẹ kí ẹ fi yan ilé, kì í ṣe iye máìlì tó wà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ní máìlì mẹ́jọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá ìlà pupa yóò sábà dé ṣáájú ẹni tó ń gbé ní máìlì mẹ́ta lẹ́bàá ìlà aláwọ̀ ewé, nítorí pé bí ọkọ̀ kan bá já ẹni kejì yìí sílẹ̀, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, ní Alief àti agbègbè Bissonnet, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ọkọ̀ tó dára: bọ́ọ̀sì 2 ń gba títì Bellaire wọ Texas Medical Center, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì 82 sì ń gba Westheimer láti ìwọ̀-oòrùn wọ àárín ìlú. Ìlà pupa ni àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló kàn. Dọ́là 1.25 ni owó bọ́ọ̀sì inú ìlú àti rélùwéè. Kò sí kọ̀ńdọ́ nínú bọ́ọ̀sì, awakọ̀ kò sì ní ṣéńjì fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ san owó lọ́wọ́ ní láti wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti máa san owó lọ́wọ́: ẹni tó lo káàdì METRO lè bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn láàárín wákàtí mẹ́ta láì tún san owó, ẹni tó san owó lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì kò sì ní àǹfààní yìí. Àwọn àgbàlagbà tó ti pé ẹni 70 ọdún kì í san nǹkan kan, bí wọ́n bá ti gba káàdì tiwọn. Kí àwọn màmá tó wá bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun má ṣe gbàgbé èyí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san ìdajì.

Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ tẹ ibi tí ẹ ń lọ sínú áàpù METRO tàbí Google Maps, kí ẹ sì sọ aago tí ẹ fẹ́ dé fún un dípò aago tí ẹ fẹ́ gbéra. Bí ó bá fún yín ní ọ̀nà méjì, tí ọ̀kan yá díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ní kí ẹ bọ́ sínú bọ́ọ̀sì tó ń wá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀yin àti ìlà pupa méjì tó pàdé ní oríta ni kí ẹ jọ máa ṣe é.

Ní ibùdókọ̀, òpó kan pẹ̀lú pátákó kékeré lórí ni ẹ óò sábà bá. Nọ́ńbà ọ̀nà bọ́ọ̀sì wà lára pátákó náà, nọ́ńbà ibùdókọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá tẹ ìkejì yìí sínú áàpù, yóò sọ ìgbà tí ọkọ̀ tó kàn ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ni kò ní òrùlé, oòrùn Houston láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án kì í sì í ṣe eré, nítorí náà ẹ mú omi àti agbòòrùn dání. Bí ẹ bá rí bọ́ọ̀sì lókèèrè, ẹ dìde, kí ẹ sún mọ́ òpó náà, kí ẹ sì na ọwọ́, nítorí pé awakọ̀ tí kò rí yín lè kọjá. Ẹ ka ohun tí iná ń kọ sí iwájú ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, nítorí pé nọ́ńbà kan náà ni èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ń lò. Bí òdìkejì Westheimer ni ibùdókọ̀ yín wà, ẹ rìn dé ibi iná ọ̀nà kí ẹ tó sọdá, bó ti wù kó jìnnà tó, nítorí pé sísáré gba àárín irú títì bẹ́ẹ̀ kọjá ti pa ẹni púpọ̀ ní ìlú náà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa okùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Rélùwéè kò gùn púpọ̀, àmọ́ ibi tó gbà ṣe pàtàkì. Red Line rẹ̀, tó yàtọ̀ sí ìlà pupa ti bọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2004, ó sì ń gba àárín ìlú lọ sí ilé ìwòsàn àti pápá ìṣeré. Èyí tó ń jẹ́ Purple Line ló ń lọ sí Texas Southern University àti University of Houston. Orí pèpéle ni ẹ óò ti fi káàdì kan ẹ̀rọ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Kò sí ilẹ̀kùn tó máa dá yín dúró, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọlé wá yẹ ìsanwó wò, ẹni tí wọ́n bá sì mú yóò san ìtanràn.

Fún pápákọ̀ òfurufú George Bush, bọ́ọ̀sì 102 ni ó ń lọ síbẹ̀ láti àárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹ fi àkókò púpọ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko lè lo bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Park & Ride, èyí tí owó rẹ̀ ga ju dọ́là 1.25 lọ, tó sì jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wọ àárín ìlú láàárọ̀, tí wọ́n sì ń padà nírọ̀lẹ́, ni wọ́n ṣe é fún. Bí ibi tí ẹ ń lọ bá jìnnà sí ibùdókọ̀, kẹ̀kẹ́ ló dára jù: ẹ lè gbé e sórí irin tó wà ní imú bọ́ọ̀sì.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń ni èèyàn lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa wà láàárín àwọn ilé ìkẹ́rù, níbi tí owó ilé ti rọrùn ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì ti ṣọ̀wọ́n. Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ti ọjọ́ Àìkú gan-an, kì í ṣe ti ọjọ́ iṣẹ́, ẹ sì wo ìgbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń kọjá. Bí ìsìn bá máa ń pẹ́ jù ú lọ, ẹ ti bá ẹni tó ní mọ́tò nínú ìjọ sọ̀rọ̀ láti àárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dá sí owó epo rẹ̀.