Bí ẹ ṣe lè fi mítà wo resistance inú áyọ́ọ̀nù

Àwọn ọmọ girama tó ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi nígbà WAEC ti há V = IR (volt jẹ́ amp lọ́nà resistance) sórí bí orin. Ṣùgbọ́n tí n bá gbé áyọ́ọ̀nù síwájú wọn pé kí wọ́n wá resistance rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó) fún mi, ojú ara wọn ni wọ́n á máa wò. Bí mo ṣe ń ní kí wọ́n fi mítà (multimeter) ṣe é rèé.

Ẹ yọ pulọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa súwíìṣì o! Bátìrì inú mítà ló ń ti iná kékeré gba inú wáyà kọjá kó tó lè ka resistance. Tí iná 230 volt bá bá a níbẹ̀, mítà lọ nìyẹn, ó sì lè kan ẹ̀yin náà.

Ẹ yí mítà sí 200 níbi tí wọ́n ya Ω (àmì ohm, tí wọ́n fi ń wọn resistance) sí. Ẹ fi ẹnu wáyà pupa mítà kan ti dúdú. Bó bá ka 0.3, ti wáyà mítà nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú èyí tẹ́ ẹ bá kà. Ẹ wá yí bọ́tìnnì ooru áyọ́ọ̀nù sókè. Ibí ni wọ́n ti máa ń kó sí wàhálà: tó bá ṣì wà níbi tí wọ́n pa á sí, ọ̀nà iná ti já, mítà á kọ 1 nìkan tàbí OL (ìyẹn ni pé kò rí ọ̀nà iná, kì í ṣe 1 ohm), wọ́n á ní áyọ́ọ̀nù ti jó. Ẹ fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé iná lára pulọ́ọ̀gì, kì í ṣe ti ẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí wọ́n kọ 1000 W àti 230 V sí lára yóò ka nǹkan bíi 53 ohm. Ẹ pín watt 1000 sí ọ̀nà volt 230, ẹ ó rí 4.35 amp (bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), ẹ pín volt 230 sí ọ̀nà 4.35, òun náà nìyẹn. (Ẹ má dán an wò pẹ̀lú gílóòbù àtijọ́ 60 watt. Ìṣirò á ní 882 ohm, mítà ò ní ka 100, torí wáyà inú rẹ̀ tutù; ìgbà tó bá gbóná ni resistance rẹ̀ ń pọ̀.)

Iná kan náà ló ń gba okùn áyọ́ọ̀nù àti kọ́ìlì inú rẹ̀ kọjá. Kí ló dé tí okùn ò gbóná? Bàbà ni okùn, nichrome (nickel àti chromium tí wọ́n yọ́ pọ̀) ni kọ́ìlì. Bí wọ́n bá gùn bákan náà tí wọ́n sì nípọn bákan náà, resistance nichrome fi ìlọ́po tó lé ní 60 ju ti bàbà lọ. Ibi tí resistance bá pọ̀ sí ni ooru ń lọ.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ síkúrù pulọ́ọ̀gì. Tó bá dẹ̀, tí ibẹ̀ ní 1 ohm péré, bíi watt 18 á máa jó lójú kan ṣoṣo. Mítà ò sì ní tú àṣírí rẹ̀, 54 dípò 53 ni yóò kà. Ọwọ́ lẹ máa fi mọ̀ ọ́n: ẹ lọ aṣọ díẹ̀, ẹ yọ pulọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ kan án. Tó bá gbóná ju okùn lọ, ẹ tú u, ẹ gé orí wáyà tó ti dúdú dànù, kí ẹ tún un dè, kí síkúrù le dáadáa.